Bí Mo Ṣe Ra Irinṣẹ́ Kọ́kọ́rọ́ Àkọ́kọ́ Mi ní Ìta Fàájì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, yàrá kan ṣoṣo ló ń lo kọ́kọ́rọ́ nínú gbogbo agboolé wa ní Ìta Fàájì. Yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ẹni tí í ṣe olórí ẹbí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Àwa yòókù, aṣọ ìkélé la fi ń dí ẹnu ọ̀nà. Bí o bá fẹ́ wọlé tọ ẹnìkan, o ó pàtẹ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, wọn á ní, "Ta nìyẹn?" o ó sọ orúkọ rẹ, ó parí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ti bisikíìtì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ò lè mọ adùn rẹ̀. Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, èmi ò rí bíi tàwọn ẹgbẹ́ mi. Ojú tí wọ́n fi ń wo dòdò nínú epo ni mo fi ń wo ihò kọ́kọ́rọ́ Bàbá. Bó bá ti ń ti mọ́sálásí bọ̀, tí mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lára okùn ṣòkòtò rẹ̀, mo ti dìde nìyẹn. N ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí n lè gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe máa dún nígbà tó bá yí i. Ó máa ń dùn mọ́ mi débi pé n ó gbàgbé ohun tí wọ́n rán mi.

Ìyá mi ló tọ́ mi. Bàbá tó bí mi ti kú kí n tó gbọ́njú mọ̀ ọ́n. Òwú, bọ́tìnì àti síìpù ni ìyá mi ń tà, nítorí náà ó dá a lójú pé aránṣọ ni n ó dà: òun á máa tà, èmi á máa rán, a ó jọ là. Ó fi mí sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ kan. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Àgádágodo ara àpótí ìyá náà máa ń há, ó sì máa ń bú u lójoojúmọ́ bí ẹni ń bú ọmọ tó gọ̀. Lọ́jọ́ kan tó lọ kírun, mo tú àgádágodo náà palẹ̀, mo fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ pa inú rẹ̀, mo tò ó padà, ó wá ń ṣí wẹ́rẹ́. Mo rò pé wọn á dá mi lọ́lá ni. Ìyá aránṣọ ránṣẹ́ pe ìyá mi kíákíá. Ó ní, "Ìyá Olówùú, ẹ wá mú ọmọ yín o. Aṣọ kọ́ ló fẹ́ kọ́, olè ló fẹ́ jà!"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó mú mi lọ bá ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ nítòsí pápá ìṣeré ní Oníkàn. Ọkùnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá, obìnrin nìyí o." Ìyá mi ní, "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ṣé ọkùnrin ni òun?" Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Agboolé gbóná o. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta léèsì, tó sì gbà pé kò sí ohun kan lábẹ́ ọ̀run tí òun ò lè dá iye lé, òun ló pariwo jù. Ìyá Eléèsì là ń pè é. Ó ní ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo àdúgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ní bí inú bá bí ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà ò ní lè tì í mọ́ta! Ẹ má bínú sí i. Òun kan náà ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi ní Oníkàn tí òjò bá rọ̀ tí n ò lè wálé.

Mo kọ́ṣẹ́, mo parí, ọ̀gá mi ṣe fúrídọ̀mù fún mi, wọ́n ṣàdúà, a jẹ, a mu. Mo ti di sìsí nígbà náà, ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ lọ́rùn mi, fáìlì tí a fi ń ha irin ń bẹ nínú báàgì mi. Ó wá ku ibi tí n ó jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ mọ̀ pé ojúde ilé níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú. Abẹ́ fèrèsé iwájú ilé wa nìkan ló ṣófo, ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìlọta sì ti ń wá bẹ Bàbá fún un tipẹ́. Bàbá pè mí. Ó ní ọmọ òun ni mí, òun á kọ́kọ́ fi lọ̀ mí, ṣùgbọ́n òun ò ní fi àyè sílẹ̀ kí eku máa fi ṣeré. "Jímọ̀ọ̀ tó kẹ́yìn kí ààwẹ̀ tó wọlé, bí mo bá kírun dé tí n ò bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ẹlẹ́rọ ata ló ni ín. Mo ti sọ fún un, mo sì ti sọ fún ìwọ náà." Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ kó tún un sọ. Bí mo bá pàdánù abẹ́ fèrèsé yẹn, kò síbòmíràn fún mi; ìdí bọ́tìnì ni n ó padà sí, gbogbo iṣẹ́ tí mo kọ́ á di àlọ́.

Irinṣẹ́ ló wá kàn. Àwọn obìnrin agboolé dá owó jọ fún mi, kí Ọlọ́run bá wa kẹ́ àwọn tó ti lọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá dá owó ti dá ẹnu pẹ̀lú. Gbogbo wọn ló mọ irú ẹ̀rọ tó yẹ kí n rà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gé kọ́kọ́rọ́ rí. Orí fẹ́ dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá gba Oníkàn lọ bá ọ̀gá mi. Ó ń mu kòkó. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni kí n kọ́kọ́ rà, sà?" Ó ní, "Lọ wo ilẹ̀kùn." Mo ní, "Ilẹ̀kùn èwo?" Ó ní, "Ilẹ̀kùn àwọn tó máa wá bá ọ. Ohun tí ilẹ̀kùn wọn bá bèèrè ni kí o rà, má ra ohun tí ojú rẹ bá bèèrè." Ó padà sídìí kòkó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri Ìta Fàájì, tí mò ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ihò kọ́kọ́rọ́ onílé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dán an wò o! Mo rìn títí mo fi dé Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ wà, àwọn tó ní òdòdó lára ògiri àti fèrèsé. Mo rí ihò kọ́kọ́rọ́ kan níbẹ̀ tó tóbi tó fi jẹ́ pé ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo di ojú kan, mo ń fi èkejì yọjú wo inú. Àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí láti inú, tí ìyá kan sì dúró lé mi lórí. Ó ní, "Sìsí, kí lẹ ń wá?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni mo fẹ́ wò." Ẹ gbọ́ èsì ọlọgbọ́n! Ìyá náà figbe ta: "Ẹ gbà mí o, ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi!" Àwọn èèyàn tú jáde. Ọlọ́run ló yọ mí, ọ̀kan nínú wọn máa ń ra òwú lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ Ìyá Olówùú ni, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ọkùnrin." Wọ́n bá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá náà náà rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún wá fún mi wò. Irin gígùn gbọọrọ ni, ó wúwo lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ nìkan ni eyín wà. Ó ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń wá ẹni tó máa ṣe irú rẹ̀ kan sí i fún àwọn. Gbogbo ẹni tí àwọn gbé e lọ bá ló ní ẹ̀rọ òun kò lè dì í mú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé. Kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń gé pọ̀ ní àdúgbò, òótọ́ ni. Ti àgádágodo náà pọ̀. Àmọ́ àwọn ilé àtijọ́ ń bẹ rẹpẹtẹ tó jẹ́ pé fáìsì tó ń di irin mú gírígírí, fáìlì, àti ọwọ́ èèyàn nìkan ló lè ṣe tiwọn. Iná ìjọba sì rèé, àlejò ni ní Ìta Fàájì, kì í dágbére kó tó lọ. Mo bá sọ fún ìyá mi àti Ìyá Eléèsì pé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni kí a rà, kí a fi èyí tó bá kù ra fáìsì, fáìlì oríṣiríṣi, àti ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní bìláǹkì. Ìyá Eléèsì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Ẹ̀rọ ọwọ́? Àwọn tó ń lọta gan-an ti dìde kúrò nídìí ọlọ, ìwọ wá fẹ́ lọ jókòó tì í!"

Ọjọ́ tí a lọ sí Idúmọ̀tà lọ ra ẹ̀rọ, Ìyá Eléèsì wọ bùbá tó ń dán gbinrin, ó ní ọlọ́jà kì í bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá wọ àkísà. A dé ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ̀rọ oníná kan wà níwájú, pupa fòò. Ẹ̀rọ ọwọ́ wà ní kọ̀rọ̀, eruku ti bò ó. Bí Ìyá Eléèsì ṣe rí pupa báyìí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó fọwọ́ pa á lára, ó fi èékánná ha á gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ha aṣọ kó lè mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí. Ó ní, "Èyí ò ní ṣí láéláé." Mo ní, "Màmá, a kì í fọ̀ ọ́ kẹ̀." Ó ní kí n panu mọ́. Ọlọ́jà so ẹ̀rọ náà mọ́ iná, ó ké fíín! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ tọ́ka sí ti ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ni mo bá rí ojú ìyá mi. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹni tó bá wà lókèèrè pàápàá á gbọ́ pé ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́." Kí ni n ó sọ sí ìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ níyàá, ẹ bá mi dáhùn. Mo gbà pé kí a ra pupa.

Ìyá Eléèsì nájà títí òógùn fi bo ọlọ́jà. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò, tó ti sanwó, ó wá dúró, kò kúrò. Ó ní, "Ènì wa dà?" Ọlọ́jà ní, "Àlájà, ènì lórí ẹ̀rọ? Ṣé gààrí ni?" Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ọjà wo la ń rà l'Ékòó tí kò lénì?" Ó wò yíká, ó rí irin ńlá kan tí wọ́n gbé ti ìdí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà tì í. Ó ní, "Ẹ fún wa ní kinní ìdí ilẹ̀kùn yẹn." Mo wolẹ̀. Fáìsì ni o! Ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì pàdé dáadáa. Ìyá Eléèsì ò mọ ohun tó ń jẹ́, ó kàn rí i pé ó wúwo ni, òun sì gbà pé ohun tó bá ti wúwo kò lè ṣàìwúlò. Ọlọ́jà wo ojú rẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó ní, "Ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ máa lọ." Bí mo ṣe gba fáìsì ní ènì nìyẹn, èmi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ títí dòní. Fáìlì àti bìláǹkì díẹ̀, mo fi owó ọwọ́ mi rà wọ́n kí àwọn ìyá mi tó rí mi. Mo fi kẹ́rósìn fọ ìpẹtà fáìsì kúrò, mo dè é mọ́ tábìlì àlòkù kan. Àwọn ará ilé ń bi mí pé ṣé n ó máa fi fọ́ ẹ̀kùrọ́ ni.

Jímọ̀ọ̀ tí Bàbá dá wá kò. Ìyá mi ti bẹ àáfà àdúgbò pé kó ṣe hàǹtú fún mi. Wọ́n á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ á mu omi náà, á fi ìyókù pa orí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún wa nìyẹn. Mo mu tèmi láàárọ̀ kùtù, mo lọ wẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀ nínú àwo. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n gbé àwo náà lọ.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ọ̀ tán, ojúde ilé kún. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, àáfà jókòó tì í, mọ́sà àti àkàrà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹlẹ́rọ ata náà wá. Ó ní òun kàn wá bá wa yọ̀ ni, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lábẹ́ fèrèsé. Iná wà lọ́jọ́ náà, ìyá mi ní àmì rere ni. Mo ní, "Bísímílà," mo ti pulọ́ọ̀gì bọ iná.

Fáú! Iná kọ yẹ̀rì lára ẹ̀rọ pupa, èéfín yọ lábẹ́ rẹ̀, iná gbogbo ilé sì kú. Àwọn ọmọdé sá, àwo mọ́sà kan dojú dé. Mo wo abẹ́ ẹ̀rọ, omi dúdú kan ń kán sórí tábìlì. Mo fi ìka kàn án, mo gbé e símú. Òórùn tàdáwà ni. Mo gbójú sókè wo ìyá mi. Ó ti fi etí gèlè bo ẹnu.

Inú bí mi, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ mo rí bí ìyá mi ṣe ń fà sẹ́yìn lọ sídìí ògiri, nígbà tí Bàbá sì bèèrè pé kí ló dé, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Iná ni, sà. Iná ló wọlé jù." Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tí kì í gba irú ẹjọ́ yẹn gbọ́. Wọ́n ti ń mi orí, wọ́n ti ń gbé àwọn oníná ṣépè. Ìyá mi ló bọ́ síwájú. "Irọ́ ló ń pa o! Kì í ṣe iná. Èmi ni mo da hàǹtú sí i nínú. Mo ní ọmọ mi ti mu, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ náà mu. Yéè, mo ti fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá Eléèsì, ẹni tí a ò gbọ́ kó jẹ̀bi rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, lọ dúró tì í. Ó ní, "Àwa méjèèjì ni. Èmi ni mo bá a ṣí ìdérí rẹ̀."

Àáfà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mo ní kí ọmọ mu ún. Ta ló ní kí ẹ fún ẹ̀rọ mu? Ẹ̀rọ gba àdúà o, kò gba omi!" Ni gbogbo agboolé bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọ́n fi ń di ògiri mú. Àfi ìyá mi tó wà nílẹ̀, àfi èmi, àfi Bàbá. Bàbá ní, "Jímọ̀ọ̀ nìyí." Ẹlẹ́rọ ata wúkọ́ díẹ̀, ó tún fìlà ṣe.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Kì í ṣe ojúde nìkan ló ń dùn mí mọ́. Bí ibẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, títí ìyá mi fi máa kú ni wọn á máa sọ ọ́ nínú agboolé pé òun ló fi omi pa iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò ní rí ẹ̀rọ ata kó má sunkún. Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mo ní, "Bàbá, ẹ ní kí ẹ bá mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹ ò dárúkọ irinṣẹ́ tí n ó lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yín." Kọ́kọ́rọ́ yẹn ò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Bàbá tú u lára okùn ṣòkòtò, ó nà án sí mi.

Mo fi fáìsì di bìláǹkì kan mú, mo gbé kọ́kọ́rọ́ Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha. N ó ha, n ó wò, n ó fi ìka wọ̀n ọ́n, n ó tún ha. Oòrùn mú, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ara wọn, gbogbo wa tò lọ sẹ́nu yàrá Bàbá. Mo tì í bọ ihò, ó wọlé. Mo yí i. Kò yí.

Ẹlẹ́rọ ata ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ wo ẹnu ọ̀tá! Ó ti ń gbọn aṣọ rẹ̀ kó lè lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Mo ní kí wọ́n bá mi tan àbẹ́là. Mo gbé eyín kọ́kọ́rọ́ náà sókè iná, mo jẹ́ kí èéfín bò ó kó dú. Mo tì í bọ inú ihò padà, mo yí i títí ó fi kọ́, mo fà á jáde. Ibi tí irin inú ilẹ̀kùn ti kàn án, èéfín ti nù kúrò níbẹ̀, ó ń dán. Ibi tó ń dán yẹn ló ṣì ga jù. Mo sáré padà sídìí fáìsì, ibẹ̀ nìkan ni mo ha, díẹ̀ báyìí. Mo tún padà lọ. Mo tì í bọ̀ ọ́, mo di ojú, mo yí i. Kọ́ọ́! Ilẹ̀kùn Bàbá ṣí.

Ariwo tó sọ, àwọn ará Pópó Àgùdà á gbọ́. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ tuntun náà lọ́wọ́ mi. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn láti inú. Ó ṣí i. Ó tún tì í. Ó ṣí i, ó yọrí síta, ó wò wá, ó tún tì í! Àgbàlagbà tí a kì í rí eyín rẹ̀, ó wà nínú yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Nígbà tó jáde, ó kọjú sí ẹlẹ́rọ ata, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ mọ́sà kí ẹ tó máa lọ." Ìyá mi dìde nílẹ̀, ó gba fáìlì lọ́wọ́ mi, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún mọ́ tónítóní bí ẹni ń nu imú ọmọ.

Ìyá Pópó Àgùdà ọjọ́sí gbọ́, ó gbé kọ́kọ́rọ́ gbọọrọ rẹ̀ wá, lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ilé àtijọ́ wá. Ẹ̀rọ pupa náà, a gbé e fún oníṣẹ́ iná, ó tún wáyà inú rẹ̀ wé, ó sì sìn mí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀. Nígbà tó bá ké fíín láàárọ̀, ìyá mi á wo ọ̀tún, á wo òsì, bóyá àwọn èèyàn ń gbọ́.

Ayé ti yí lójú wa. Ilé tí ẹ ń kọ́ báyìí, nọ́ńbà lẹ fi ń ṣílẹ̀kùn wọn, òmíràn ń lo káàdì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá lóṣù tó kọjá, ó ní òun ti fi àwòrán kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ ọmọ mi, kí n bá òun gé e. Mo ní, ṣé n ó fi fáìlì ha fóònù ni? Ọmọ ọmọ mi ní, "Màmá, ó ṣeé ṣe o." Ẹnu yà mí. Agboolé wa náà, gbogbo yàrá ló ti ní kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo gé púpọ̀ nínú wọn. Mo jẹun níbẹ̀, n ò lè bú u. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń kọjá lẹ́nu yàrá tí ó wà ní títì, tí mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti jẹun.

Gbogbo ẹ̀rọ tí mo rà lẹ́yìn ti pupa, ìyá mi ló ṣàdúà sí i. Àmọ́ kò súnmọ́ ọn mọ́! Á sọdá sí òdìkejì títì, á kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa pariwo lórí àwọn ọ̀kadà pé, "Ọlọ́run á gbọ́wọ́ rẹ lé e o! Oúnjẹ ò ní wọ́n ọ o!" Àwọn tó ń kọjá tí wọn ò mọ ohun tó ń lọ á kàn dáhùn pé, "Àmín." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi dágbére fáyé.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi ra ẹ̀rọ tuntun, irú èyí tó ń fúnra rẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́ tó sì ń gé e. Ó so ó mọ́ iná, ó ní, "Màmá, kí n tàn án?" Mo ní kó dúró. Mo dìde, mo sọdá títì. Ṣọ́ọ̀bù fóònù ló wà níbi tí ìyá mi máa ń dúró sí, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń wò mí pé kí ni ìyá yìí ń wá. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo kọjú sí abẹ́ fèrèsé wa, mo sì ké àdúà náà lóhùn rara.

Ọmọ ọmọ mi ní, "Àmín, mà." Ó tan ẹ̀rọ.